Etí Ló Ń Kọ̀wé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ọmọ Yorùbá ní Plateau, Abidjan

Àwọn tó pè wá jọ ní kí n wá sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ bí ẹni tó fẹ́ di òǹkọ̀wé yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ bíi tíṣà. N ó gbìyànjú.

Ọkùnrin aṣírò kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí Ahmadou Kourouma ní 1927 ní Boundiali, lápá àríwá ilẹ̀ Côte d'Ivoire yìí. Ìṣirò iṣẹ́ adójútòfò ló kọ́ ní Lyon, òun ló sì fi ń jẹun ní gbogbo ibi tó gbé, títí kan Lomé ní Tógò. Ní 1963, nígbà tí ìjọba ààrẹ Houphouët-Boigny ń kó ènìyàn sẹ́wọ̀n torí ọ̀tẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n ń dì, wọ́n mú òun náà. Wọ́n tú u sílẹ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ìlú kò gbà á mọ́, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Algeria. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì wà látìmọ́lé. Torí tiwọn ló ṣe jókòó kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Les Soleils des indépendances.

Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní Paris, wọ́n dá a padà fún un. Faransé inú rẹ̀ kò jọ Faransé tí wọ́n mọ̀. Ìwé àtìgbàdégbà kan wà ní Yunifásítì Montréal ní Kánádà nígbà náà, Études françaises, tó gbé ìdíje kalẹ̀ fún àwọn tó ń fi Faransé kọ̀wé lẹ́yìn odi ilẹ̀ Faransé. Kourouma kópa, ó gbégbá orókè, wọ́n sì tẹ ìwé náà níbẹ̀ ní 1968. Ó di 1970 kí Seuil ní Paris tó tẹ̀ ẹ́. Lónìí, wọ́n ń fi í kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé.

Ẹni tó bá ń sọ ìtàn yìí fún ọ̀dọ́ sábà máa ń parí rẹ̀ sí "ẹ ṣáà ní sùúrù". Sùúrù dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo torí rẹ̀ sọ ọ́. Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ sí ìwé yẹn, àwọn òǹkọ̀wé tuntun sì máa ń lọ̀ wọ́n pọ̀. Kourouma kò gbà kí ẹnikẹ́ni tún Faransé rẹ̀ ṣe kó lè dún bíi ti Paris. Malinké, èdè ilé rẹ̀, ló fi ń ronú, ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó wá tẹ Faransé títí ó fi ń mí bí àwọn àgbà tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn ní kékeré. Èyí ni ọ̀kan. Èkejì ni pé nígbà tí Georges-André Vachon, olóòtú rẹ̀ ní Montréal, sọ fún un pé apá ìgbẹ̀yìn ìwé náà ti kúrò ní ìtàn, ó ti di ìròyìn òṣèlú, ó gbà, ó sì gé e. Apá tó gé yẹn gan-an ló sún mọ́ ọ̀ràn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n. Ẹ rò ó wò bí yóò ṣe dùn ún tó. Ó di bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún mú, ó jọ̀wọ́ ojú-ewé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kó ìwé wọn wá bá mi, òdì kejì ni wọ́n ń ṣe: wọn ò fẹ́ kí n yọ gbólóhùn kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn pa ohùn ilé wọn kí n tó rí i.

Gbogbo ohun tí mo bá wá sọ níbí lónìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí etí yín gbọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e.

Tiwa náà wà ńlẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Amos Tutuola, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ni ní Èkó, ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ìwé tó kà kò pọ̀. Faber and Faber ní London tẹ The Palm-Wine Drinkard fún un ní 1952. Nígbà tó fi di 1953, Raymond Queneau ti yí i sí Faransé. Inú bí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé wa nílé. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fi wá ṣẹ̀sín lójú òyìnbó. Faber ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn: wọ́n tẹ àwòrán ojú-ewé kan nínú àfọwọ́kọ rẹ̀ sínú ìwé náà, tòun ti àtúnṣe tí olóòtú fi gègé ṣe sí i. Òǹkàwé rí i fúnra rẹ̀ pé wọ́n tún nǹkan ṣe, àti pé àtúnṣe náà kò dé ibi ohùn. Kí ẹ má sì rò pé Tutuola kàn da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń wá sí i lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ọjọ́ díẹ̀ lòun fi kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, oṣù mẹ́ta lòun sì fi padà sídìí rẹ̀ tí òun ń fẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè tí mo mọ̀ pé ẹ ti dì sọ́wọ́ ni pé èdè wo ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ìbéèrè gidi ni fún ọmọ Èjìgbò tàbí ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí síbí. Yorùbá nílé, Jùlá lọ́jà, Faransé níwájú olùkọ́, nouchi, èdè ìgboro Abidjan, láàárín ọ̀rẹ́. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ń tijú Yorùbá yín torí pé nígbà tí ẹ délé lọ́dún tó kọjá, àwọn ìbátan yín fi ahọ́n yín rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ìyá àti ọmọ yìí, irú èyí tí ẹ máa ń gbọ́ ní Koumassi lálẹ́:

— Ṣé patron ẹ ti sanwó?
— Kò tíì san, Maman. Ó ní demain.
— Demain wo? Demain tó sọ ní mardi ńkọ́?

Ọ̀la ni demain, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mardi. Nínú ìlà mẹ́ta yìí, a ti mọ̀ pé ọ̀gá náà kì í sanwó lásìkò, a mọ̀ pé ìyá ti ń ka ọjọ́, a sì mọ̀ pé ọmọ fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ di òǹkọ̀wé á gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú etí ara rẹ̀, á délé, á ṣí ìwé, á wá kọ ọ́ pé: "Ìyá náà bèèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nípa owó oṣù rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn sí èsì tó gbọ́." Gírámà rẹ̀ pé. Ìyá ti kú sínú rẹ̀.

Èsì mi lórí èdè kò gùn. Èdè tí àwọn ènìyàn inú ìtàn yín fi ń bá ara wọn jà nínú orí yín ni kí ẹ fi kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá tí Faransé wọ̀, ẹ kọ Yorùbá tí Faransé wọ̀. Bí ó bá jẹ́ Faransé Abidjan, ẹ má fọ̀ ọ́. Marguerite Abouet kò fọ tirẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó kúrò ní Abidjan lọ sí Faransé. Nígbà tí òun àti ayàwòrán Clément Oubrerie gbé ìwé aláwòrán àkọ́kọ́ nínú Aya de Yopougon jáde lọ́dọ̀ Gallimard ní 2005, àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Yopougon. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ará Paris kò bá mọ̀, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún un lẹ́yìn ìwé. Ìwé náà gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ níbi àjọ̀dún ìwé aláwòrán ní Angoulême ní 2006. Ẹ wo ọdún yẹn náà dáadáa. Ilẹ̀ yìí ti pín sí méjì, ogun ti ṣẹlẹ̀, ohun tí gbogbo ayé ń retí kí ọmọ Côte d'Ivoire kọ nìyẹn. Abouet kọ nípa ọmọbìnrin tó fẹ́ di dókítà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń yọ́ jáde lálẹ́ lọ jó.

Èyí mú mi dé orí ohun tí a ń kọ. Mo máa ń rí ìwé ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tó gba ààfin ọba kọjá, tó parí sí orí bí Áfíríkà yóò ṣe gòkè àgbà. Bẹ́ẹ̀ ẹni yẹn ti wọ bọ́ọ̀sì láti Abidjan dé Èjìgbò, ó ti gba Ghana, Tógò àti Benin kọjá, ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnubodè lórí ẹnubodè, ó ti wo bí ìyá rẹ̀ ṣe di owó kan sínú ìdí ìró, tó fi òmíràn sí ọwọ́ fún àwọn aṣọ́bodè. N kò tíì ka ìwé ìtàn àròsọ kan tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń retí rẹ̀.

Báwo ni ẹ ó ṣe tọ́ etí? Ẹ ní ìwé kékeré kan. Fóònù náà dára, ṣùgbọ́n fóònù a máa pe ènìyàn lọ síbòmíràn. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ gbáàkà láti Adjamé lọ sí Abobo, ẹ má ṣe gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹ tẹ́tí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ kọ ohun tí apprenti, ọmọ ọkọ̀, sọ nígbà tí obìnrin kan ní òun kò ní ṣéńjì, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ibi tó ti dánu dúró. Ohun tí ẹ bá gbàgbé, ó dára kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Èyí tó bá kù lórí yín ni ìtàn lè lò, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Òǹkọ̀wé Bernard Dadié, tó gbé ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé mẹ́ta láyé tó sì fi wá sílẹ̀ ní ìlú yìí ní 2019, wà lẹ́wọ̀n ní Grand-Bassam láti 1949, lẹ́yìn rògbòdìyàn òṣèlú oṣù kejì ọdún yẹn. Ó ń kọ ohun tó ń rí sílẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àkọsílẹ̀ yẹn kò di ìwé títí di 1981, nígbà tó jáde gẹ́gẹ́ bíi Carnet de prison. Ẹni tó bá ka ìwé náà á rí i pé ohun tó mú un yàtọ̀ ni àwọn nǹkan kéékèèké tí ènìyàn kì í rántí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, bí kò bá kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹlẹ̀.

Ní báyìí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi Yorùbá pọ́ńbélé kọ ọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ àárín ara wa fún yín. D. O. Fágúnwà kópa nínú ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní 1936, ìwé náà sì jáde ní 1938: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé bí gbólóhùn Yorùbá kò bá gùn tó okùn àdó, tí òwe mẹ́ta kò sì sí nínú rẹ̀, kì í ṣe Yorùbá gidi. Fágúnwà ti kọ ti Fágúnwà, ó sì kọ ọ́ débi tí kò sí àyè fún ẹlòmíràn níbẹ̀. Ẹ ka Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Nígbà tó gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, ọlọ́pàá àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Lápàdé ló fi síwájú, ó fi í sí ìgboro, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ kúkúrú, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, wọ́n ń purọ́. Òwe wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìdí láti pa á ló ń pa á. Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà, nínú Ó Le Kú ní 1974, jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn sọ̀rọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ yẹ òwe yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jẹ́ pé òǹkọ̀wé ló ń pa á, tí kì í ṣe ẹni inú ìtàn, ẹ yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ńkọ́? Láti 1974 ni àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ti wà, kò sí àwáwí mọ́. Bí fífi àmì sí i bá ń dá èrò yín dúró, ẹ kọ ọ́ tán láìfàmì sí i, kí ẹ padà wá fi í sí i nígbà tí ẹ bá ń tún un kọ. Ẹ má ṣáà gbé e lé òǹkàwé lọ́wọ́ láìní àmì, pàápàá òǹkàwé tí wọ́n bí sí Marcory, tí kò lè fi ojú mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni ẹ ń sọ tàbí ọkọ. Fífi àmì sí i á tún ṣe yín lóore kan: á sọ ọ́ di dandan pé kí ẹ pe gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lẹ́nu.

Kíkà sókè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ̀ jù nínú àtúnkọ. Kí ẹ kọ ọ́ tán, kí ẹ gbé e pamọ́ títí ẹ ó fi gbàgbé díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ wá dìde dúró, kí ẹ kà á. Ibi tí ahọ́n bá ti kọ́, ẹ fàlà sí i. Ibi tí ẹ bá ti sáré kọjá torí pé ó sú yín, ẹ yọ ọ́. Òǹkàwé kò ní fara dà á jù yín lọ. Ojú-ewé àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ibi tí òǹkọ̀wé ti ń wá ibi tí yóò gbà wọlé, níbi tí òórùn ti ń yọ tí àkùkọ ti ń kọ. Ẹ gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ewé kejì, kí ẹ wò ó bóyá ohunkóhun sọnù. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fún ẹlòmíràn kà, ẹni tí kì í ṣe ìyá yín, tí kì í sì í ṣe ẹni tó ń fẹ́ yín. Ẹ má bi í bóyá ó dára. Ẹ bi í ibi tó ti dáwọ́ kíkà dúró lọ mu omi.

Ẹ ṣe ẹ̀dà o! Ní 1957, Chinua Achebe ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Èkó. Ó rí ìpolówó àwọn tó ń tẹ táìpù ní London, ó sì fi àfọwọ́kọ Things Fall Apart ránṣẹ́ sí wọn, tòun ti owó. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Wọ́n gba owó, wọ́n dákẹ́, oṣù ń gorí oṣù. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, Angela Beattie, ló lo ìsinmi tó lọ lò ní London láti wọ ọ́fíìsì wọn lọ bá wọn fà á. Bí kò bá lọ ńkọ́? Ẹ̀yin tí fóònù yín lè bọ́ sọ́wọ́ olè ní Adjamé lónìí, ẹ fi ìwé yín ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín lálaalẹ́.

Lórí ìtẹ̀jáde, ọ̀rọ̀ mi kéré, torí pé ẹni tí kò tíì kọ ìwé tán kò ní ìṣòro atẹ̀wé. Ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé wà nílẹ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́. Láti 1961 ni CEDA ti bẹ̀rẹ̀, òun àti NEI ló sì para pọ̀ di NEI-CEDA. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ìwé ìfẹ́ kéékèèké tí NEI tẹ̀ lábẹ́ orúkọ Adoras. Àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ yìí kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, lábẹ́ orúkọ ìnagijẹ nígbà púpọ̀, ẹni tó bá sì lè mú ọmọbìnrin tó ń ta dòdò alloco ka ìwé dé ojú-ewé ìkẹyìn mọ iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìwé ìròyìn. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá, tí Isaac Babalọlá Thomas kọ, lẹ́tà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ nínú Akede Eko ní 1929. Àwọn ará Èkó gbà pé obìnrin gidi ló ń kọ ọ́ láti orí ibùsùn àìsàn rẹ̀, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa rẹ̀. Orúkọ àdúgbò, orin ìgbà náà, bí obìnrin tó ti gbádùn ayé rí ṣe ń kédàárò, òun ló tàn wọ́n. Etí náà ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó tẹ ìwé yín, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń tà fún yín. Kò burú, bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ̀yin náà ni ẹ ó gbé ìwé ọ̀hún kiri tà. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló fẹ́ náwó, ẹ ka ìwé àdéhùn dé ìsàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ tiyín? Ṣé lórí iye tí ìsọ̀ ń tà á ni àbí lórí iye tó dé ọwọ́ atẹ̀wé? Owó kan náà kọ́ ni méjèèjì. Ta ló ni ẹ̀tọ́ fíìmù, ta ló ni ẹ̀tọ́ ìtumọ̀, ìgbà wo ni gbogbo rẹ̀ sì máa padà sọ́wọ́ yín bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́? BURIDA, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1981, ló ń bójú tó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé nílẹ̀ yìí. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ kí ìjà tó dé, ẹ má dúró dìgbà tí fíìmù bá ti jáde. Bí ìwé bá sì ti jáde, ẹ rí i pé ẹ̀dà rẹ̀ dé ilé ìkàwé àpapọ̀ tó wà lórí Plateau níbí. Òfin ló ní kó débẹ̀.

Ó ti tó. Wọ́n ní attiéké àti ẹja ń bẹ lẹ́yìn. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹni tó bá mú ojú-ewé méjì dání wá síwájú, kó kà á sókè ní èdè tó bá wù ú. Àwa yòókù á mú gègé dání. Ẹ̀yin ìyálọ́jà tó ti Treichville sọdá afárá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ o: ẹ̀yin lẹ ó sọ fún wa bí ìyá inú ìtàn bá sọ̀rọ̀ bíi ìwé.